Àlejò ni Kòkó, Onílé ni Kòkòrò

Oṣù kẹwàá ni mo yàn láti lọ, nítorí ìgbà náà ni igi kòkó máa ń kún fún èso, ìgbà náà gan-an sì ni kòkòrò tí mo ń wá kiri máa ń pọ̀ sí i. Láti Ìbàdàn dé Ìdànrè ni ìrìnàjò náà, ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀nà Ifẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni mo gbà, kí n lè yà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, kí n la ilẹ̀ olóbì kọjá, kí n sì fojú ara mi rí àwọn igi tí kòkòrò yìí ti ń gbé kí kòkó tó dé ilẹ̀ wa rárá.

Kòkòrò náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èèpo igi tó gbẹ, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó. Sahlbergella singularis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Haglund ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní ọdún 1895. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn a máa pè é ní kápísíìdì, àwọn àgbẹ̀ tí mo bá pàdé sì ń pè é ní kòkòrò kòkó láìfi orúkọ mìíràn kún un. Kì í jẹ ewé, kì í sì í gbẹ́ inú èso. Omi ara igi ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, ní oko tí wọn kò bá tọ́jú, ó lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìkórè ọdún kan lọ, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ro ọdún 1895 yẹn wò. Kòkó ilẹ̀ Yorùbá ṣì kéré nígbà náà. Agége ni J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin tiwọn, ibẹ̀ sì ni àwọn alágbàṣe ti gbé irúgbìn padà lọ sí ìlú wọn, títí kòkó fi tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Igbó Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni igi yìí ti wá. Sahlbergella kò sí níbẹ̀. Ní Bàhíà ní Bràsíìlì pàápàá, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tí kòkó sì pọ̀ sí, ìbátan rẹ̀ mìíràn ló ń da igi láàmú. Ti Áfíríkà ni tiwa. Orí igi inú igbó wa ló ń gbé, kòkó ló wá bá a nílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sọ́nà, nítorí ó dá mi lójú pé a ti ń bá kòkòrò yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni pé àlejò ni.

Ìdí-Ayùnrẹ́ kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwádìí ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí olú rẹ̀ wà ní Tafo ní Gánà. Kì í ṣe kòkó nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Obì wà níbẹ̀, kọfí wà níbẹ̀, kajú àti tíì náà wà níbẹ̀. Pé kòkó àti obì jọ wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo yẹn kò ṣàjèjì sí mi, nítorí mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ìdílé igi kan náà ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí, àwọn àti àràbà, àti pọ̀ǹpọ̀lá, àti igi osè. Kòkòrò wa mọ ìdílé náà dáadáa. Wọ́n ti rí i lórí obì gbàǹja àti obì àbàtà, wọ́n ti rí i lórí obì ẹdun tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì ti rí i lórí àràbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ kòkòrò ló mú mi wọ inú oko kan ládùúgbò náà. Kò kọ́kọ́ wá kòkòrò fún mi. Ẹ̀ka tútù kan tó yọ láti ìdí igi ló fà mọ́ra, ó ní kí n wo ara rẹ̀. Àmì dúdú pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀, ojú wọn ṣì tutù, àwọ̀ wọn ò tíì dú tán. Àwọn kan ti gbẹ, wọ́n sì ti jìn wọnú. Ó fi èékánná họ èèpo ọ̀kan kúrò, mo rí i pé ara igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú, ó ti di àwọ̀ pupa rúsúrúsú.

Kòkòrò náà a ki ẹnu rẹ̀ tó rí ṣóńṣó bọ ibi tí èèpo bá ti rọ̀, a sì kọ́kọ́ tu itọ́ sí i. Itọ́ yẹn ló ń pa ara igi tó wà láyìíká, tó ń sọ ọ́ di omi, kó tó wá fà á mu. Bó bá mu níbí tán, a sún síwájú díẹ̀, a tún ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ọgbẹ́ kan kò lè pa igi. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá yí ẹ̀ka tútù kan ká, omi kò ní lè gòkè mọ́, ewé orí rẹ̀ a rọ, a sì gbẹ mọ́ ibi tó wà láì já bọ́. Ojú ọgbẹ́ yẹn kan náà ni fọ́ńgọ́sì ń gbà wọlé, òun ló sì máa ń parí iṣẹ́ tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka a máa kú láti orí wá sí ìsàlẹ̀, títí igi yóò fi ku ọ̀pá lásán.

Ọ̀rẹ́ mi sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo olóko gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ara èso ni wọ́n máa ń wò. Bí wọ́n bá rí èso ńlá tí àmì dúdú róbótó róbótó bò, ọkàn wọn a dàrú. Èso tó ti gbó kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan, nítorí ọgbẹ́ náà kì í jìn dé ibi tí hóró wà. Èso kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára igi ló ń kú. Ẹ̀ka tútù ni àdánù tó tóbi jù, nítorí òun ló gbé ewé tí igi yóò fi bọ́ èso ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ka àmì lára èso, tí kò gbójú sókè wo ẹ̀ka, gbèsè ọdún méjì ló ń jẹ láìmọ̀.

Láti Ìdí-Ayùnrẹ́ mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ìjẹ̀bú ni igi obì ń pọ̀ sí i létí ọ̀nà, ewé wọn dúdú, ó ń dán, ibòji wọn sì ṣú débi pé koríko kì í hù dáadáa lábẹ́ wọn. Nínú ọjà, ìyá kan jókòó ti agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, ó ń ṣa gbàǹja, ó ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Òkè-Ọya. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ṣé kòkòrò kì í da igi obì yín láàmú?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà." Ó la ọ̀kan, ó sì fi ihò hàn mí.

Òótọ́ ni ìyá sọ, àmọ́ kòkòrò tirẹ̀ kọ́ ni mo wá. Èyí tó ń gbẹ́ inú obì, obì nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ara hóró ló sì ń jẹ. Tèmi kì í wọ inú hóró. Ẹ̀ka obì ló ń fà mu, kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ débi tí olóbì yóò fi pariwo. Èyí ló yẹ kó yà wá lẹ́nu. Kòkòrò tó ń sọ igi kòkó di ọ̀pá, ó ń gbé lórí obì láìpa á lára tó bẹ́ẹ̀. Òun àti obì ti mọ ara wọn tipẹ́. Kòkó ni kò tíì mọ bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde tó dorí kọ Ọ̀rẹ̀, igbó Ọmọ ni yóò gbà kọjá. Àjọ UNESCO ti ka apá kan igbó yẹn mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá aláàyè láti 1977, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀dá àti ènìyàn ti yẹ kí wọ́n jọ wà. Láti ojú títì, igi gẹdú tí ìjọba gbìn lèèyàn máa ń rí jù, wọ́n tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ. Lẹ́yìn wọn ni àràbà ti ń yọ orí, kò sí igi tó ga tó o. Oko kòkó náà wà nínú igbó yẹn, ó sì ń pọ̀ sí i, nítorí ilẹ̀ tó ṣì lọ́ràá ni àgbẹ̀ ń wá. Mo ń wo àwọn ibi tí wọ́n ti ṣán, tí oòrùn ń ràn sí ọmọ kòkó lórí. Ó dùn mí. Ẹni tó bá gbin kòkó síbẹ̀ lónìí ti gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà kòkòrò, ó sì ti ṣí òrùlé fún un.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí, kò yé mi délẹ̀délẹ̀ títí mo fi dé Ìdànrè. Mo gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, mo gba Òǹdó, níbi tí wọ́n ti sá kòkó sójú tapọ́lì níwájú ilé, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò kan. Mo dé Àkúrẹ́, mo sì yà sọ́wọ́ Ìdànrè. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, Ìdànrè sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tó ti ń wá. Òkè gàgàrà ló yí ìlú ká. Oko wà ní ẹsẹ̀ òkè àti láàárín wọn, nínú àfonífojì tí omi ń ṣàn gbà kọjá.

Bàbá tó gbà mí lálejò jogún oko rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ó ní kí n tètè jí, nítorí kòkòrò yìí kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Òru ló ń jẹun. Bí oòrùn bá ti mú, a máa sá sábẹ́ èso, sí ibi tí èso ti so mọ́ igi, tàbí sínú èèpo tó là. Nígbà tí a dé oko, ìrì ṣì ń kán. Bàbá gbá èso méjì tó fara kan ara wọn mú, ó rọra yà wọ́n. Láàárín wọn ni ọmọ kòkòrò kan wà, kò tíì hu ìyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun, ìwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó rìn yí èso náà ká, ó fara pamọ́ sí òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò bọ́ awọ kó tó di àgbà. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti yé ẹyin, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹyin gan-an ni ìṣòro. Inú èèpo tó rọ̀ ni ìyá ń yé e sí, okùn tín-ín-rín méjì péré ló máa ń yọ síta, ojú lásán kò sì lè rí i. Oògùn tí wọ́n bá fín kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí àgbẹ̀ fín in lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún un fín lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí gbogbo ẹyin bá ti pa. Àgbẹ̀ tó fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì sinmi, ọmọ tuntun yóò bá a níbẹ̀.

Bàbá rántí Gammalin 20 dáadáa. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni oògùn yẹn ti gba oko kòkó kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí iná, ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé kòkòrò kan ti wà tí kò pa mọ́. Bàbá ní òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ, àwọn kan sì ń dà á sódò láti fi pa ẹja, ẹja a léfòó, àwọn èèyàn a sì sè é jẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "A ò mọ̀ nígbà yẹn." Ní 2009 ni ìpàdé àgbáyé ti Stockholm fi lindane sínú àwọn oògùn tó yẹ kí ayé pa tì. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, 2008, ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin tuntun lélẹ̀ lórí iye oògùn tó lè ṣẹ́kù lára hóró kòkó. Láti ìgbà náà, ohun tí àgbẹ̀ bá fín ní Ìdànrè, wọ́n lè rí i nínú àpò kòkó tó bá gúnlẹ̀ sí Amsterdam.

A rìn wọnú oko. Níbi tí igi ti wà pẹ́kípẹ́kí, tí ewé wọn wọnú ara wọn, ilẹ̀ tutù, òkùnkùn díẹ̀ wà, ẹ̀ka tútù tí mo ń fà wò sì mọ́ dáadáa. Bí a ṣe rìn díẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ já lù wá lójijì. Igi mẹ́ta ti wó níbẹ̀ nínú ìjì. Lójú ihò yẹn, gbogbo igi tó yí i ká ló ti gbẹ lórí, ewé tó ti pupa so rọ̀ lára wọn, ẹ̀ka tuntun tó ń yọ nísàlẹ̀ sì dú fún ọgbẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa kòkòrò yìí láti Gánà dé Kamẹrúùnù ni mo ń wò yẹn. Kì í tàn ká oko dọ́gba. Ibi tí òrùlé ewé bá ti jò ló ń kó jọ sí, nítorí oòrùn ń mú kí ẹ̀ka tútù yọ ṣáá níbẹ̀, igi náà sì ń jìyà òùngbẹ. Bó bá ti pa ẹ̀ka, ihò a tún fẹ̀ sí i, kòkòrò a sì rí àyè sí i.

Bàbá ti ń fín gbogbo oko rẹ̀ dọ́gba lọ́dọọdún. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í kọ́kọ́ ka kòkòrò. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń lò: bí kòkòrò bá tó mẹ́fà lórí igi mẹ́wàá, ó tó fín. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn dáhùn pé kíkà yẹn yóò gba àkókò. Mo ní owó oògùn náà ń gba nǹkan. Bàbá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá fi èèrà pupa hàn mí, irú èyí tó ń fi ewé aláàyè kọ́ ilé lórí igi. Àwọn lébìrà kórìíra wọn, nítorí wọ́n ń géni jẹ nígbà ìkórè, wọ́n sì máa ń bẹ Bàbá kó dáná sun wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èèrà yẹn a máa lé kòkòrò wa, igi tí wọ́n bá ń gbé kì í sábà ní ọgbẹ́ púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo èèrà ló dára o. Àwọn kéékèèké kan wà tó ń ṣọ́ oríṣi kòkòrò mìíràn tó ń fa omi igi, èyí tí ìyẹ̀fun funfun bo ara rẹ̀, nítorí omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀. Kòkòrò oníyẹ̀fun yẹn ló ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú káàkiri. Gánà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà ní 1936, wọ́n sì ti gé ju 200 mílíọ̀nù igi kòkó lulẹ̀ níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Àrùn náà kò ṣàì gbé lórí àràbà.

Àràbà ló sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín Bàbá àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun oko, ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, egungun ìdí rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Nígbà tí ọmọ gbọ́ pé kòkòrò ń gbé lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé kí wọ́n gé e, ẹni tó ń ra gẹdú sì wà nílẹ̀. Bàbá ní igi tí bàbá òun bá níbẹ̀ ni, òun kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ayùn kàn án. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi.

Mo gbè sẹ́yìn Bàbá, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Lóòótọ́ ni ọmọ sọ pé ilé kòkòrò ni. Ṣùgbọ́n bí igi tó tóbi tó yẹn bá wó, yóò fọ́ kòkó tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ lórí gbogbo èyí tó bá kù. Ihò tí igi mẹ́ta dá sílẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ yìí. Kòkòrò tó wà lórí àràbà kò níí bá a kú, ẹ̀ka tútù tó bá yọ nínú oòrùn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá bá. Ẹni tó bá fẹ́ gbin igi ibòji tuntun lè yan afárá, ìdígbó tàbí àyùnrẹ́ dípò àràbà, mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Obì tó wà láàárín oko náà, kí wọ́n má ṣe fi kún un mọ́, ṣùgbọ́n kí èyí tó wà máa so, owó ló ń mú wá. Iṣẹ́ tó yẹ ní kíákíá wà nídìí ihò yẹn: kí wọ́n gé ẹ̀ka tó ti kú kúrò, kí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ibẹ̀ ná, kí wọ́n gbin ọmọ kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì fi afárá kan sáàárín.

Ọmọ kò gbà tán. Ó ní òun yóò fi àràbà sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn kan: ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n ka kòkòrò lórí igi kòkó mẹ́wàá tó wà lábẹ́ àràbà, kí wọ́n kà á lórí mẹ́wàá létí ihò, kí wọ́n sì kà á lórí mẹ́wàá níbi tí ewé ti pàdé dáadáa. Bí ti abẹ́ àràbà bá pọ̀ jù lọ, òun yóò pe oníayùn. Bàbá ronú sí i, ó gbà, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò ka ti abẹ́ àràbà.